Àpótí Ẹja Tó Ti Hòtẹ́ẹ̀lì Wá

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé àpótí gíláàsì náà wọlé ni mo ti sọ fún ara mi pé bí kò bá ṣiṣẹ́, mo ń lọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Òde-Ayé nìkan ló mọ̀, nítorí òun ni mo ní kó bá mi wá ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí. Ó sì ti rí ọ̀kan, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fún epo. Báàgì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, aṣọ márùn-ún ti wà nínú rẹ̀. Ẹ má fojú burúkú wò mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ ná.

Awakọ̀ ni ọkọ mi. Epo pupa ló máa ń kó láti Okitipupa lọ sí Ìbàdàn, nígbà mìíràn dé Ìlọrin. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ohùn rẹ̀ á ti wọlé kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dé géètì: "Ìyàwó mi dà? Ebi ń pa mí o!" Gbogbo àdúgbò á gbọ́. Mo máa ń bá a jà nígbà náà pé ṣé etí wa di ni. Àṣé mi ò mọ ohun tí mo ní. Àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń múra àtilọ kó epo, ó ṣubú sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Nígbà tí a fi máa gbé e dìde, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọ́ràn mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni.

Ọdún kan ó lé oṣù mẹ́rin ni mo fi bọ́ ọ, tí mo fi wẹ̀ ẹ́, tí mo fi ń pààrọ̀ aṣọ fún un, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Bí mo bá gbé àga rẹ̀ síwájú fèrèsé, á yíjú sí ògiri. Bí àwọn ọmọ bá pè láti Èkó, tí mo gbé fóònù sí i létí, á di ojú rẹ̀. Ó wá di pé mò ń sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ bá a sọ "ẹ" mọ́ bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. "Ṣé o ti yó?" "Gbé ẹsẹ̀ rẹ." Bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Oṣooṣù la máa ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan kí wọ́n lè bá a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a débẹ̀, wọ́n ti gbé àpótí gíláàsì ńlá kan sí ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Akuériọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Èmi ń bá ẹnì kan tó fẹ́ gba iwájú wa jà lọ́wọ́, ni mo bá rí i pé ọrùn ọkọ mi ń yí. Kò sẹ́ni tó bá a yí i. Ẹja pupa kan ló ń wò bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì. Mi ò rántí ìjà mọ́. Obìnrin tó ń bá a na ẹsẹ̀ rí i pẹ̀lú. Ó ní, "Ìyá, ẹ wá irú èyí sílé, ohun tí ojú wọn á lè máa tẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á gbà wá." Ó lè jẹ́, ló wí. Èmi ni mo sọ ọ́ di dandan.

Apá mi ò ká tuntun. Àlòkù ni mo rí, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tó ti kógbá sílé lójú ọ̀nà Erínjẹ. Ọdún mélòó kan ló ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ láìsí omi, tí adìyẹ ń sùn lé e lórí. Kẹ̀kẹ́ Márúwá la fi gbé e wá, mo dì í mú láti Erínjẹ délé bí ẹni gbé ọmọ ìkókó.

Iye ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Iye là ń pe ìyá nílẹ̀ wa, ìyá ọkọ mi sì ni. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìyá ìjọ ni nínú ìjọ Aládùúrà kan, aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan falẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti ṣubú ló ti kúrò ní Òṣóòrò wá bá wa gbé. Láràárọ̀, á tan àbẹ́là, á gbé omi àdúrà tó ti po lọ́fíńdà mọ́, á wọ́n ọn sí ibùsùn ọmọ rẹ̀, sí ògiri, sí àga, sí orí èmi náà bí mi ò bá tètè sá. Gbogbo ilé wa, òórùn lọ́fíńdà ni. Imú mi ti gba kámú, mi ò gbọ́ òórùn náà mọ́.

"Níbo nìyí ti wá?" Iye bi mí.

"Hòtẹ́ẹ̀lì ni, Iye."

"Hòtẹ́ẹ̀lì! Ibi tí wọ́n ti ń mutí, tí wọ́n ti ń ṣàgbèrè? Ìyàwó, ṣé o mọ ohun tójú gíláàsì yìí ti rí?"

"Ẹja ló ń gbé inú rẹ̀, Iye. Ẹja kì í ṣàgbèrè."

Ó pòṣé. Ó ní, "Ohun àlòkù, a kì í gbé e wọlé bẹ́ẹ̀. Àfi ká gbàdúrà sí i."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná," ni mo wí, mo sì kọjá lára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣì í. Ó yẹ kí n dúró bá a sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin tó fẹ́ ta ẹja fún mi, Àkúrẹ́ ló wà. Orí fóònù ló ti kọ́ mi níṣẹ́. "Ìyá, ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án. Ọṣẹ dúdú o, ọṣẹ ìfọṣọ o, kò gbọdọ̀ kàn án. Ọṣẹ máa ń sá pamọ́ sínú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ gíláàsì. Ẹ lè ṣàn án nígbà mẹ́wàá, á ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹja bá wọ inú omi ló máa jáde. Iyọ̀ àti fínígà ni kẹ́ ẹ lò." Mo pariwo rẹ̀ fún gbogbo ilé: ọṣẹ ò gbọdọ̀ kan àpótí yìí o! Mo tiẹ̀ gbé ọṣẹ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo gbé e kalẹ̀, mo wọ́ àga ọkọ mi wá sí tòsí kó lè máa wò mí. Ó yíjú sí ògiri. Kò burú. Mo di gèlè mi le.

Ẹ̀yin ará, ìdọ̀tí yẹn! Níbi tí omi máa ń dé tẹ́lẹ̀, ìlà funfun kan ti gan mọ́ gíláàsì yípo. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, èérí aláwọ̀ ewé ti gbẹ, ó ti lẹ̀ pinpin. Láàárín òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀, mo rí egungun ẹja kan, tín-ín-rín, odindi. Mo sáré mú un kó tó di pé ọkọ mi rí i, mo jù ú sẹ́yìn ilé. Mo rẹ àkísà sínú fínígà, mo tẹ́ ẹ lé ìlà funfun náà kó lè rọ̀, mo sì fi abẹ ha ìyókù. Mo fi iyọ̀ fọ igun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Abẹ gé mi lọ́mọ ìka, iyọ̀ wọ ojú ọgbẹ́, mo bú hòtẹ́ẹ̀lì, mo bú ẹni tó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì.

Àárín iṣẹ́ yìí ni àbúrò mi pè. Ọwọ́ mi tutù, mo fi ìgúnpá tẹ fóònù, mo jẹ́ kó máa pariwo nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní òun ò lè dúró dè yín títí. Ṣé ẹ ń bọ̀ àbí ẹ ò bọ̀?"

Mo ní, "Jẹ́ kí n gbé ẹja sínú omi ná. Bí kò bá wo ẹja, mo ń bọ̀. Ó ti sú mi. Èmi náà kì í ṣe igi. Iye wà níbí, á máa tọ́jú ọmọ rẹ̀."

Ọkọ mi ò jìnnà sí mi rárá, bí mo bá nawọ́, màá kan àga rẹ̀. Ògiri ló ń wò. Mi ò rẹ ohùn sílẹ̀.

Nígbà tí àpótí náà mọ́, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, mo pọn omi kún un láti wò ó bóyá ó ń jò. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, igun kan nínú ìwé náà ti rin. Mo fẹ́ sunkún. Ọkùnrin tó ń ṣe fèrèsé onígíláàsì ló bá mi fi gọ́ọ̀mù tuntun dí igun náà, ó ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì. Mo tún pọn omi sí i. Ìwé gbẹ títí di ọjọ́ kejì. Mo gbé e wọ yàrá ìgbàlejò, síwájú àga ọkọ mi, lórí tábìlì ìránṣọ mi àtijọ́ tó lágbára.

Omi bohóòlù wa máa ń dípẹtà, nítorí náà omi òjò ni mo gbè. Mo dà á sínú àpótí, mo tan fìlítà tó ń sẹ́ omi, bátìrì sólà ló ń lò, ó ń hó wẹ́wẹ́. Ọkùnrin Àkúrẹ́ ní ó gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀sẹ̀ kan bẹ́ẹ̀ kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Ó ní kí n tún fi omi kún kẹ́ẹ̀gì méjì pamọ́, nítorí ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Lọ́jọ́ kẹta, omi náà ṣú bí omi ògì. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó mọ́ kedere. Iye ní òun rí i tí ọmọ òun ń wo bó ṣe ń hó. Mo ní irọ́ ni, torí èmi ò rí i.

Ọjọ́ Sátidé, wọ́n fi ẹja márùn-ún sínú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó kúrò ní Àkúrẹ́, nínú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ọkùnrin náà ti kìlọ̀ fún mi: "Wọn ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sán nínú ọ̀rá o, Ìyá." Bọ́ọ̀sì lọ bàjẹ́ sí Ọ̀rẹ̀. Mo dúró ní gáréèjì láti aago mẹ́jọ, mo dúró, mo jókòó, mo tún dúró. Oòrùn kan àtàrí, ó yẹ̀. Aago méjì kọjá kó tó dé. Mo já ọ̀rá náà gbà lọ́wọ́ awakọ̀, mo bọ́ sórí ọ̀kadà. Ọ̀kan nínú wọn ti ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Bí mo ṣe wọlé, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin Àkúrẹ́ ti ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó lórí omi fún ìgbà díẹ̀ kí omi inú rẹ̀ àti ti ìta lè bára dọ́gba. Ibo ni àyè ìyẹn wà? Mo tú ẹnu ọ̀rá.

Gbàà! Nǹkan dún lẹ́yìn mi.

Ọkọ mi ló fi ọwọ́ òsì lu apá àga. Mo rò pé ó fẹ́ tọ̀ ni. Mo ní, "Fara balẹ̀, mò ń bọ̀." Ó tún lù ú. Ó fi ẹsẹ̀ òsì ta àpótí ìtìsẹ̀, ife tó wà lórí rẹ̀ fọ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Dókítà ti sọ fún wa pé bí àrùn yìí bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó lè gbé e lọ. Ẹja lọ́wọ́ mi ń kú lọ, ọkọ mi níwájú mi ń kú lọ, èwo ni kí n kọ́kọ́ dì mú?

"Kí lo fẹ́?" mo pariwo mọ́ ọn. "Kí lo tiẹ̀ fẹ́ gan-an? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ẹja tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ya ẹnu. Mo gbé ẹnu ọ̀rá náà sórí omi, mo fẹ́ dà wọ́n sí i.

"Má!"

Ohùn náà dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fa ọ̀rá náà padà.

"Má. Dà... dà á nù."

Ó na ọwọ́ òsì sí omi, ó tún nà án sí ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé imú sí omi náà, mi ò gbọ́ òórùn kan. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi lá a. Ó korò! Ó ń yọ̀ lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni mo tó rí òróró tó ń tàn yinrin lójú omi.

Mo sáré lọ gbé kẹ́ẹ̀gì, mo da omi inú rẹ̀ sínú báákẹ́ẹ̀tì tí mo ti fi iyọ̀ fọ̀, mo sì da àwọn ẹja sí i. Mẹ́rin lúwẹ̀ẹ́ lọ sísàlẹ̀. Èyí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ò dìde mọ́.

Ẹ̀yìn ilé ni Iye wà, ó ń ṣa ewé. Ariwo mi ló gbé e wọlé.

"Iye, kí lẹ dà sínú omi yìí?"

Kò tiẹ̀ fi bò. "Omi àdúrà ni. Ìgò méjì, pẹ̀lú òróró. Nígbà tí o lọ sí gáréèjì ni. Mo ní kí ohun tó bá wà nínú gíláàsì náà jáde kí ẹja tó wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀mí ẹja ni ì bá jáde! Lọ́fíńdà, Iye! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ yín jókòó máa wo òkú ẹja márùn-ún ni? Ẹ̀yin lẹ máa fi àdúrà yín pa á!"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo rí i bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi tó sì fọ́. Iye nàka sí mi. Ó ní, "Ìwọ lo sọ pé ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án. Mi ò fọṣẹ kàn án. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àdúrà ò gbọdọ̀ kàn án."

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ó nu ojú. Ó wá ní, "Ta ló tiẹ̀ sọ fún ọ pé mo da nǹkan sí i?"

"Ọmọ yín ni."

"Ọmọ mi wo?"

"Ọmọ yín yìí. Ó ní kí n dà á nù."

Iye yíjú sí i. Ọkọ mi ń mí gùlegùle, òógùn bò ó, ó ń wo ìyá rẹ̀. Ó la ẹnu, ó pẹ́ kí ohun kan tó jáde. "Iye," ló wí.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín ife tó fọ́, ó bú sẹ́kún. Èmi náà ò mọ ìgbà tí mo jókòó tì í. Nígbà tó sunkún tán, ó fi etí aṣọ funfun fọn ikun, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé o rí i? Ohun tí mo ní kó jáde, ó jáde." Mo fẹ́ dá a lóhùn pé ìbẹ̀rù kí ẹja má bàa kú ló ṣí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Mo gbé e mì.

A tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iye ká apá sùtánà rẹ̀ sókè, òun ló fi fínígà àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ gíláàsì títí ojú rẹ̀ kò fi yọ̀ mọ́. Mo se òkúta wẹ́wẹ́, mo ju fóòmù inú fìlítà nù, mo ra òmíràn. A tún dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo àárọ̀ la ń pààrọ̀ omi fún ẹja nínú báákẹ́ẹ̀tì, Iye á sì gbé ìgò lọ́fíńdà rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Ọkọ mi ò tún sọ̀rọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò sọ nǹkan kan. Mo ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò tó wà lórí iná. Àbúrò mi pè nígbà mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí Iye wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo da ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpótí. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọkọ mi. Wọ́n kóra jọ sí igun kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan jáde, ó wá sí iwájú gíláàsì, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo wo ọkọ mi. Kò wo ògiri. Ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

Fóònù mi dún. Àbúrò mi ni, láti Òde-Ayé. Mo rí orúkọ rẹ̀, mo nawọ́, mi ò ì tíì gbé e.

Ọwọ́ wúwo kan bà lé mi léjìká. Ọwọ́ òsì ni.

"Má lọ," ló wí.

Ó ti gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi abẹ ha gíláàsì, tó kọjú sí ògiri, gbogbo rẹ̀ ló ti gbọ́. Fóònù náà dún títí ó fi dákẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ kúnlẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju èyí lọ:

"Ta ló ń lọ? Ẹ jẹ́ kí n fún ẹja yín lóúnjẹ jàre, ebi ń pa wọ́n."